Ìlà Mẹ́jọ Nínú Ìwé Àbúrò Mi

Ẹ̀yin ará Ṣakí, láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé kí ni mo rí lọ́nà Àkúrẹ́ tí ojú mi fi le báyìí. Ẹ ní ẹni tó lọ sí ìlú oníyán, ó yẹ kó sanra bọ̀. Mo fi ẹ̀rín dá àwọn kan lóhùn, àwọn mìíràn ni mo gbójú kúrò lára wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n má baà máa tún un sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ń bí mi. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó máa kà á lọ.

Ẹ mọ Morẹ́nikẹ́, àbúrò mi tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n. Ọmọ Oǹdó ló fẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ ìlera ní agbègbè Ìta-Ògbólú, nítòsí Àkúrẹ́. Kì í ṣe ti ilé ìwòsàn ńlá. Òun ni ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ sí oko àti abúlé, tó ń fún ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára, tó sì mọ orúkọ ìyá gbogbo ọmọ. Nígbà tí ibà Lassa, èyí tí eku ń kó ran ènìyàn, tún bẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, àwọn bíi tirẹ̀ ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹnì kan. Lójoojúmọ́ ni wọn yóò dé ilé rẹ̀, wọn yóò fi ẹ̀rọ wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé, ìlà kan fún ọjọ́ kan.

Ó pè mí lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó ń sunkún. Ó ní oorun ò kun òun mọ́, pé tí òun bá di ojú, àwọn ará ilé tí òun ń bẹ̀ wò ni òun ń rí. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo sọ? Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ní, "Ṣé ìwọ nìkan lò ń ṣe iṣẹ́ náà ni? Mú ọkàn le jàre." Mo gbàdúrà ráńpẹ́ fún un, mo sì ní kó jẹ́ kí n máa lọ, ẹ̀wà mi wà lórí iná. Kò pè mí mọ́. Ìgbà tó yá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ló wọlé sórí fóònù mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní mo purọ́ nínú ìwé. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ mi. Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi." Mo pè é títí, kò gbé e. Mo di wàrà díndín sínú ike, mo sì gbéra.

Àkúrẹ́

N kò ní í sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó láti Ṣakí dé Ìbàdàn rí mọ bí ìbàdí ṣe ń rí, kó wá fi bí ìlọ́po méjì lé e. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé Àkúrẹ́ rẹwà, ẹwà rẹ̀ sì tún bí mi nínú. Àpáta dúró káàkiri rẹ̀, ewéko tútù títí dé ẹ̀gbẹ́ títì, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, gbogbo ilẹ̀ pupa. Mo ti múra sílẹ̀ láti bá ìlú burúkú pàdé.

Ilé ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ni mo dé sí. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ó gbé iyán kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Iyán náà kò ní kókó kan ṣoṣo. Ó ṣàlàyé pé ẹja ni òun fi se ọbẹ̀, pé látìgbà tí ibà yìí ti dé, ẹran ìgbẹ́ kò wọ ilé òun mọ́, gààrí náà sì wà nínú rọ́bà onídèérí. Mo yìn ín. Ẹni tó ní làákàyè ni.

Ó wá bi mí pé kí ló gbé mi wá. Mo ní àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń ṣọ́ ibà Lassa. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ife omi tó fẹ́ gbé fún mi.

"Ṣé ẹ ti rí i, Mà? Ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ni."

Ó ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà," ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa di àárọ̀, ó ti so òwú pupa mọ́ etí ife mi kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti ilé. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ náà, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ló ti kúnlẹ̀, kò wọlé. Mo mu omi mi nínú ife olówùú, mo sì ń rò ó pé bí wọ́n bá lè ṣe èmi tí mo kàn ń kọjá lọ báyìí, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ẹni tó ń wọ ilé aláìsàn lójoojúmọ́? Ta ló ń jókòó tì í nínú ọkọ̀? Ta ló ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, Ọ̀gá ni n óò máa pè é. Ó fún mi ní àga, ó pè mí ní Mà ní ìgbà mẹ́wàá. Ó ṣí ìwé ńlá kan síwájú mi.

"Ẹ wo ọmọbìnrin yìí, Mà. Fúnmi lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ibà kọ́kọ́ pa. Òun àti bàbá rẹ̀ la ní kí àbúrò yín máa ṣọ́. Lọ́jọ́ kọkànlá, ara Fúnmi gbóná, wọ́n gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú. Lọ́jọ́ kẹtàlá, ó kú. Ẹ wá wo ohun tó wà ní ọjọ́ kẹrìnlá."

Mo wò ó. Ọwọ́ ìkọ̀wé àbúrò mi ni, èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe ń kọ "F" yẹn. *Fúnmi: ara kò gbóná, kò sí ìyọnu.* Bákan náà lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Bákan náà lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí dé ọjọ́ kọkànlélógún, níbi tó kọ ọ́ sí pé: *Ó ti parí. Ara rẹ̀ le.* Ó sì fọwọ́ sí i. Ìlà mẹ́jọ.

"Ayédèrú ni, Mà," ni Ọ̀gá wí. "Ẹni tó lè kọ ọ́ pé òkú kò ní ibà, kí ni kò ní í kọ?"

Mo ní, "Ṣé ẹ kò rí i pé nǹkan ń ṣe ẹni tó kọ èyí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ yọ, ó mú ìwé pelebe kan jáde. Ó ní àwọn ti ṣètò fún ìyẹn náà. Gbogbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n fún ní ìwé ìbéèrè nípa ọkàn: Ṣé o ń sùn? Ṣé o ń jẹun? Ṣé ọkàn rẹ ń dàrú? Morẹ́nikẹ́ ti fàlà sí i pé àlàáfíà ni, àlàáfíà ni, àlàáfíà ni.

"Ta ló pín in fún wọn?"

"Èmi ni, Mà."

"Ta ló gbà á padà?"

"Èmi náà ni."

"Wọ́n kọ orúkọ sí i?"

"Báwo la ṣe máa mọ ẹni tó ni ín bí kò bá sí orúkọ?"

"Ẹnì kankan ò kọ ọ́ pé òun kì í sùn?"

"Ẹnì kan kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá. A ní kó lọ sinmi sílé, a fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn ọkàn mọ́ lọ́dọ̀ wa."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ìgbéraga. Ike wàrà wà lórí itan mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n jù ú lù ú.

Lẹ́yìn Ìta-Ògbólú

Mo béèrè ọ̀nà ilé bàbá Fúnmi. Abúlé kékeré kan ni, nínú oko kòkó. Ọlọ́kadà gbé mi dé ibì kan, ó ní òun kò kọjá ibẹ̀, kí n fi ẹsẹ̀ rìn ín. Koríko ti bo ọ̀nà ilé bàbá náà. Ó hàn pé ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Bàbá arúgbó ni, ó gbẹ. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ùwọ l'ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì? Ojú yín jọra. Máa bọ̀. Ulé rèé."

Ó di ọwọ́ mi mú wọlé. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn mí látìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yẹn. Ó sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi, ó bu epo sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì gbé wàrà fún un. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi tó mẹ́ta, ó ní ẹran wo nìyí tí kò ní eegun. A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo wá bi í ní ọ̀rọ̀ ìwé náà.

Ó ní Fúnmi kò fẹ́ lọ sí ibi ìtọ́jú. Ẹ̀rù ń bà á nítorí ìyá rẹ̀ lọ, kò bọ̀. Morẹ́nikẹ́ ló jókòó tì í, tó ní, "Fúnra mi ni n óò mú ọ padà wálé." Ìyẹn ló jẹ́ kó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, àwọn tó wọ aṣọ funfun bo gbogbo ara ló sin ín, wọn kò sì jẹ́ kí bàbá súnmọ́ ibẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ni wọ́n ní kó di bàbá mú.

"Ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì tún dé," ni bàbá wí. "Uṣẹ́ rẹ̀ ni, ó ku èmi tó máa ṣọ́. Ó fi nǹkan rẹ̀ wò mí níwájú orí, ó kọ ọ́. Ó wá ní, 'Fúnmi ńkọ́?' bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbàgbé ni. Ìgbà tí etí rẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ, bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, 'Fúnmi wà ní unú ulé. Ara rẹ̀ le.'"

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Òun nìkan ló ṣì ń wá sí ulé mi. Ọjọ́ kejì, mo dúró kó tún bi mí. Ó bi mí. Mo dá a lóhùn, ó kọ ọ́. N kò ní í purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi. Ìṣẹ́jú kan ni, ọmọ mi á wà láàyè."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ká lọ síbi ẹjọ́ lọ́jọ́bọ̀. Ó ní kò sí onímọ́tò tó máa gbé òun, gbogbo wọn ló mọ òun. Mo bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ó fi tàdáwà bírò pa àtàǹpàkò, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀.

Oǹdó

Ọ̀gá ti sọ fún mi pé Oǹdó ni Morẹ́nikẹ́ wà, nílé ìyá ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya. Màmá náà ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó ń ṣí Bíbélì láìwo nọ́ńbà ojú ìwé. Ó kí mi dáadáa. Ó tún yíjú sí àwọn ará ilé, ó sì sọ èdè Oǹdó kan tí mo fi ń wò sùn-ùn. Yorùbá ni mí o, ẹ̀yin ará Ṣakí! Mo jókòó sáàárín Yorùbá ẹgbẹ́ mi, mo sì di àjèjì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí n gbọ́, wọn á wá sọ Yorùbá inú ìwé, kedere, bí ẹni ń ka ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì. Iyán ni wọ́n gbé fún mi lọ́sàn-án, iyán ni wọ́n tún gbé fún mi ní ìrọ̀lẹ́. Mo tọrọ ẹ̀kọ, wọ́n wò mí bí ẹni tó tọrọ yẹ̀pẹ̀.

Mo bá àbúrò mi lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ara ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ó pupa. Màmá ti sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ibà jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ọkàn ni.

Mo pa ẹ̀rọ omi náà. Mo ní, "Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti dé ilé bàbá Fúnmi."

Ó jókòó sórí òkúta ìfọṣọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ó ti kú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé mi ò mọ̀. Àmọ́ tí mo bá dé ìlà rẹ̀ nínú ìwé, ọwọ́ mi kì í kọ ọ́. Mo ṣèlérí fún un, ó sì gbà mí gbọ́."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ fún àbúrò, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó foríjì mí nítorí ọjọ́ tó pè mí tí mo ní kó mú ọkàn le.

"Ṣé ẹ̀wà yẹn ò jóná ṣá?" ló bi mí.

Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Màmá pè mí sí pálọ̀. Ó ti ní ohun tó fẹ́ kí Morẹ́nikẹ́ sọ. "Kó ní àṣìṣe ni. Kó ní òun fẹ́ kọ ti bàbá, òun wá ṣi ìlà. Wọ́n máa bá a wí, ó máa tán."

"Irọ́ nìyẹn, Mà."

"Irọ́ ni. Tó bá wá jókòó níwájú wọn tó ní òun ń béèrè àlàáfíà òkú, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ọmọ rẹ̀ nílùú yìí? Ṣé Ṣakí ni wọ́n máa gbé ni?"

Inú bí mi sí i, mo sì fẹ́ fèsì. Àmọ́ Màmá yìí ló ń fi ṣíbí fún àbúrò mi lóúnjẹ. Òun ló ń pè é ní "ọma mi" tó sì ń fi òróró pa á lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Èmi tí mo ń pe ara mi ní olóòótọ́, mo wà ní Ṣakí nígbà náà, mo ń se ẹ̀wà. A fi í sílẹ̀ fún Morẹ́nikẹ́ láti yàn.

Ọjọ́bọ̀

A padà sí Àkúrẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ Morẹ́nikẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ìwé ńlá rẹ̀ lábẹ́ apá. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n wá, kí wọ́n lè fi ti Morẹ́nikẹ́ kọ́gbọ́n. Kò sí èyí tó lè wo ojú rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ló jókòó sídìí tábìlì, Ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tó wà láàárín gbé ìwé náà sókè.

"Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, Sà."

"Ṣé àṣìṣe ni?"

Màmá mí kanlẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ló kù tí iṣẹ́ rẹ̀ máa fi bọ́ tàbí kó dúró. Ẹni tó béèrè náà mọ̀, mo rò pé ó tilẹ̀ ń fún un láyè ni.

"Kì í ṣe àṣìṣe, Sà," ni Morẹ́nikẹ́ wí. "Mo mọ̀ pé ó ti kú. Kò sí ibì kan tí mo lè gbé ikú rẹ̀ sí."

Obìnrin kan nínú àwọn mẹ́ta náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún ọ̀gá rẹ?" Morẹ́nikẹ́ wo Ọ̀gá. Ọ̀gá wo fèrèsé. Mo dìde pẹ̀lú ìwé bàbá Fúnmi lọ́wọ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí, bàbá ọmọ náà ló tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní n kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, pé kò sí àyè fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú ìlànà. Mo ní ìlànà wo ló wà fún ẹni tó ń di bàbá mú kó má baà fọwọ́ kan òkú ọmọ rẹ̀? Wọ́n ní kí n jókòó, Mà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe nílùú yẹn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni wọ́n ṣe é.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ṣe é. Obìnrin tó nu awò ojú náà fọwọ́ sí i pẹ̀lú àwọn tó kù. Wọ́n wá ní ká fi àdúrà parí, wọ́n sì dúró títí àbúrò mi fi ṣe àmín.

Ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí. Ẹ ti rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti rí ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti ń sùn díẹ̀díẹ̀, mo sì ti bá dókítà kan tó mọ̀ nípa àìsàn ọkàn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá tún sọ fún un pé kó mú ọkàn le, kó má wá sílé mi.

Bí a ṣe ń jáde lọ́jọ́ náà, Màmá di apá kan rẹ̀ mú, mo di èkejì mú. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ó wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀.

"Mà, ṣé Ṣakí jìnnà?"

Mo ní ó jìnnà.

"Ṣé ẹ lè mú èmi náà dání?"

Mo ní kó bá wa wọ ọkọ̀. Mo ní kó máa bọ̀ báyìí, kó má ṣe padà lọ mú ohunkóhun. Mo na ọwọ́ sí i. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ìwé tó wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Ó ku ilé mẹ́fà tí n kò tíì dé lónìí, Mà," ló wí. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì lọ pe ọ̀kadà.